Jasẹ́ǹtì, lámáńtìn àti ọ̀sà Àjàṣẹ́: àwọn ìbéèrè tí ẹ ń bi wá ṣáá

Ìbéèrè kan náà là ń gbọ́ létí omi, lọ́jà Wàǹdó, lórí fóònù, kódà níbi òkú. Mo kó wọn jọ síbí, èyí tó rọrùn ló wà níwájú, èyí tó le ń bọ̀ lẹ́yìn.

Kí ni jasẹ́ǹtì yìí gan-an, ibo ló sì ti wá?

Koríko ni, àmọ́ orí omi ló ń léfòó, kì í wá erùpẹ̀ kó tó hù. Ẹ mú ọ̀kan kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Igi ewé ẹ̀ wú nísàlẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi ọ̀bẹ là á, fọ́ọ̀mù lẹ máa bá nínú ẹ̀, afẹ́fẹ́ ló kún ibẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kó rì. Gbòǹgbò ẹ̀ dúdú, ó ta jánganjàngan sínú omi bí irun arúgbó tí ò ya irun ẹ̀ láti àná. Òdòdó ẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, àmì yẹ́lò kan wà lórí èyí tó wà lókè. Ó rẹwà jàre, ẹwà yẹn ló sì kó bá wa, torí pé òdòdó ọ̀ṣọ́ làwọn èèyàn fi ṣe tí wọ́n fi ń gbé e káàkiri ayé.

Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé ẹ̀, lágbègbè odò Amazon. Lẹ́yìn 1975, kó tó di 1980, ló wọ Bẹ̀nẹ̀ wa níbí. Ọ̀sà Àjàṣẹ́, ìyẹn ti Porto-Novo, sì já sí Badagry, torí náà ní 1984 làwọn ará Nàìjíríà kọ́kọ́ kíyè sí i lọ́dọ̀ tiwọn. Táwọn ará Èkó bá ń sọ pé ọ̀dọ̀ wa ló gbà wá, ká má jiyàn.

Ṣé kì í ṣe òjúoró táwọn bàbá wa mọ̀ náà ni?

Rárá o. Òjúoró ni èyí tí ewé ẹ̀ ṣù jọ pẹlẹbẹ lójú omi, tó ní irun wínníwínní lára, kò ní òdòdó tẹ́ ẹ lè rí láti ọ̀nà jíjìn. Òṣíbàtà sì ni èyí tó ta gbòǹgbò sísàlẹ̀ odò tí ewé ẹ̀ tẹ́ rẹrẹ sójú omi. Àwọn méjèèjì ti wà nínú ìwúre wa tipẹ́, pé òjúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Jasẹ́ǹtì ò sí nínú ìwúre kankan, àlejò ni.

Àmọ́ kẹ́ ẹ má rò pé òjúoró ò lè dààmú èèyàn. Níbi tí omi ò bá ti ṣàn tí ìdọ̀tí sì pọ̀, òun náà máa ń bo ojú omi pátápátá. Wọ́n tú kòkòrò tó ń jẹ òun náà sílẹ̀ nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń jẹ jasẹ́ǹtì o, ó ní tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Kí ló dé tó jẹ́ pé tí omi bá kún ló máa ń pọ̀, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé á sì pòórá?

Iyọ̀ ni. Odò Wẹ̀mẹ̀ ń gbé omi òjò bọ̀ láti òkè, láti oṣù kẹsàn-án títí dé oṣù kọkànlá, omi yìí pọ̀ débi pé ó ti omi òkun padà, adágún Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́ á wá di omi tí ò níyọ̀. Ìyẹn ni jasẹ́ǹtì ń wá. Gbogbo èyí tó ti ń kó ara ẹ̀ jọ nínú odò àti nínú irà lápá Bonou àti Dangbo, omi á gbé e wá sọ́dọ̀ wa, á sì máa bí síbẹ̀, níbi tó bá ti rí oúnjẹ jẹ, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ti tó kó di ìlọ́po méjì.

Tí òjò bá wá dá, omi odò á fà, òkun á gba ẹnu ọ̀nà Kútọnu wọlé, ìyẹn kànáàlì tí wọ́n gbẹ́ ní 1885. Bí iyọ̀ bá ti kọjá nǹkan bíi gíráàmù 6 sí 8 nínú lítà omi kan, ewé ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á gbó, á rì. Òórùn tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ nígbà yẹn, òun náà ló ń jẹrà.

Ẹ̀tàn ibẹ̀ ni pé àwọn èèyàn máa ń rò pé ó ti tán. Èso ẹ̀ ti rì sínú ẹrẹ̀, ó lè wà níbẹ̀ fún ogún ọdún kó má kú, àti pé iyọ̀ yẹn kì í dé òkè odò, àwọn ìyá ẹ̀ ṣì wà lọ́hùn-ún tí wọ́n ń dúró de ọdún tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí gbígbá etí omi Àjàṣẹ́ nìkan ò fi lè parí ẹ̀, bó ti wù kí méérì kó èèyàn síbẹ̀ tó.

Ìpalára wo ló ń ṣe fún wa gan-an?

Ọkọ̀ ò ní rí ọ̀nà kọjá, àwọ̀n ò ṣe é jù, ẹja tó wà lábẹ́ ẹ̀ ò rí atẹ́gùn. Ẹ̀fọn kan tún wà tí ìdin ẹ̀ máa ń fi ihò ìmí tó wà nídìí ẹ̀ gún gbòǹgbò jasẹ́ǹtì láti gba atẹ́gùn nínú ẹ̀, kò tiẹ̀ nílò kó gòkè wá mí. Ìgbín tó ń gbé bilháásíà kiri, àrùn tó ń jẹ́ kéèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, náà fẹ́ràn abẹ́ ẹ̀.

Ti owó: ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2003 lórí gúúsù Bẹ̀nẹ̀ fojú bù ú pé nígbà tó burú jù, nǹkan bíi mílíọ̀nù 84 dọ́là ló ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ará etí omi lọ́dọọdún, àwọn èèyàn tí gbogbo wọn ò ju nǹkan bí 200,000 lọ. Ẹ pín in kẹ́ ẹ rí i. Owó ẹja ló pọ̀ jù níbẹ̀, àti owó òwò ẹ̀fọ́ àti oúnjẹ táwọn obìnrin ń fi ọkọ̀ gbé kiri.

Wọ́n ní wọ́n da kòkòrò sínú omi láti jẹ ẹ́. Ṣé kò ní wá jẹ àgbàdo àti ẹ̀fọ́ wa?

Kò ní jẹ ẹ́. Ìbéèrè yìí tọ́, torí èèyàn ò gbọ́dọ̀ fi àlejò kan lé àlejò mìíràn láìwádìí. Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkòrò yìí náà ti wá, níbi tí òun àti jasẹ́ǹtì ti jọ ń gbé láti ìbẹ̀rẹ̀, irú méjì ni, orúkọ ìwé wọn ni Neochetina eichhorniae àti Neochetina bruchi. Wọ́n kọ́kọ́ fi oríṣiríṣi ewéko dán wọn wò kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Láìsí jasẹ́ǹtì, wọn ò lè bímọ kí ọmọ náà dàgbà. Àwọn IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abomey-Calavi, ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn sínú omi wa ní 1991.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n wà lọ́dọ̀ yín, ẹ má wulẹ̀ wá kòkòrò yẹn lọ́sàn-án, torí ó kéré, kò ju mílímítà 4 tàbí 5 lọ, ó pọ́n rúsúrúsú bí ẹrẹ̀ gbígbẹ, ìdí ewé ló sì máa ń sá pamọ́ sí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ojú ewé ni kẹ́ ẹ wò. Tẹ́ ẹ bá rí àpá róbótó kéékèèké bíi pé ẹnì kan fi èékánná họ ọ́, òun nìyẹn. Ẹ wá fa igi ewé yẹn ya: ìdin funfun kan lè wà nínú ẹ̀ tó ń gbẹ́ ihò lọ sísàlẹ̀, omi á gba ihò yẹn wọlé, igi ewé á rà, koríko ọ̀hún á wá rì. Ìdin yìí gan-an lọ̀gá iṣẹ́, òbí ẹ̀ kàn ń họ ewé ni.

Tí kòkòrò bá ń ṣiṣẹ́, kí ló dé tí jasẹ́ǹtì ṣì wà?

Iṣẹ́ ẹ̀ kọ́ ni láti pa á run. Kòkòrò tó bá jẹ oúnjẹ ẹ̀ tán, òun náà á kú, torí náà àwọn méjèèjì á jọ máa wà ni, àmọ́ koríko á kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Nínú ìwádìí 2003 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, àwọn ará abúlé fúnra wọn sọ pé láti ìṣòro ńlá, ó ti di ìṣòro kékeré tàbí èyí tó mọ níwọ̀n. Wọ́n ṣírò ẹ̀ pé owó tó padà wọlé fún wọn tó mílíọ̀nù 30.5 dọ́là lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ gbogbo owó tí iṣẹ́ kòkòrò yẹn jẹ ò ju mílíọ̀nù 2.09 lọ. N ò mọ òwò mìíràn létí omi tó pa irú owó yẹn.

Ohun méjì ló ń dí kòkòrò yìí lọ́wọ́. Ìkíní, tí iyọ̀ bá pa jasẹ́ǹtì lọ́dọ̀ wa, ó pa kòkòrò náà pẹ̀lú, tí koríko bá wá tún padà pẹ̀lú omi tuntun, ó máa ṣíwájú kòkòrò dé. Ìkejì, àwa fúnra wa. Omi ìgbọ̀nsẹ̀, omi ọṣẹ, àdàlẹ̀ ọjà, gbogbo ẹ̀ là ń dà sínú ọ̀sà, oúnjẹ sì ni fún un, koríko tó bá yó á máa yọ ewé tuntun yára ju bí kòkòrò ṣe ń jẹ ẹ́ lọ. Èèyàn á da ìdọ̀tí somi láàárọ̀, á wá bú méérì lálẹ́.

Kí ló dé tí a ò kàn fi oògùn apakoríko fín in?

Ó máa kú lóòótọ́, tàbí kó dà bíi pé ó kú. Gbogbo ẹ̀ á wá jẹrà lẹ́ẹ̀kan náà, ìjẹrà yẹn á gba atẹ́gùn inú omi, ẹja á kú tẹ̀ lé e. Omi yẹn làwọn èèyàn fi ń wẹ̀ tí wọ́n fi ń fọ àwo. Kòkòrò tá a fi owó wá sì máa pàdánù ilé, nígbà tí koríko bá tún hù láti inú èso, kò ní sí ẹni tó máa jẹ ẹ́. Ẹ má ṣe é.

Ṣé a lè fi pawó?

Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fa ọgọ́rùn-ún kílò jáde, tó bá gbẹ tán, kílò márùn-ún sí mẹ́wàá lẹ máa rí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ jasẹ́ǹtì fi máa ń kú kó tó pọ́dún, owó ọkọ̀ àti owó ẹni tó fà á ti jẹ èrè tán.

Kóńpósì ló rọrùn jù. Ẹ gbé e jìnnà sí etí omi kí èso ẹ̀ má bàa padà, ẹ sá a, ẹ da ìgbẹ́ adìẹ tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Èyí tó bá hù nítòsí ibi tí wọ́n ń da epo mọ́tò tàbí omi ilé iṣẹ́ sí, ẹ má lò ó fún ẹ̀fọ́ o, torí gbòǹgbò ẹ̀ máa ń fa èérí olóró jọ. Ilé iṣẹ́ Green Keeper Africa nílẹ̀ wa níbí máa ń sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń fa epo tó bá dà sílẹ̀, ìyẹn dáa. Ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́ ni ẹni tó ń sọ pé ká máa gbìn ín torí owó. Ẹ jọ̀ọ́.

Àwọn ẹranko wo ló ṣọ̀wọ́n lágbègbè omi wa?

Lámáńtìn ni àkọ́kọ́: ẹranko ńlá tó ń gbé inú omi, koríko ló ń jẹ, ó lè gùn tó mítà mẹ́ta. Ọmọ kan ṣoṣo ló máa ń bí, oyún ẹ̀ sì lé lọ́dún kan, torí náà tẹ́ ẹ bá pa ọ̀kan, ẹ ti pa ọ̀pọ̀ ọdún. Sitatúńgà tẹ̀ lé e, ìbátan àgbọ̀nrín ni, àmọ́ pátákò ẹ̀ gùn, ó sì yà, kó lè máa rìn lórí irà láìrì, tó bá gbọ́ ìró ìbọn á ri ara ẹ̀ sómi ku imú nìkan.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀bọ aláyà pupa. Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti díẹ̀ lára Nàìjíríà nìkan ló kù sí lágbàáyé. Ó wà nínú igbó irà Lokoli, lápá Zogbodomey, níbi tí odò Hlan ti ń ṣàn lọ bá Wẹ̀mẹ̀. Ẹ tún rí i ní Drabo nítòsí Calavi, nínú igbó kékeré tí Peter Neuenschwander dá padà. Òyìnbó yìí wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ kòkòrò jasẹ́ǹtì ní IITA, lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó lè tún igbó gbìn.

Lámáńtìn bọ́ sínú àwọ̀n mi. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ jẹ́ kó rí ojú omi. Kì í mí bí ẹja, imú ló fi ń mí bíi tiwa, tí àwọ̀n bá dì í mọ́lẹ̀ á kú bí èèyàn ṣe ń kú sómi. Ẹ gbé orí ẹ̀ sókè, ẹ gé àwọ̀n yẹn, kẹ́ ẹ má fi ìrù fà á, kẹ́ ẹ má sì dúró síbi tí ìrù yẹn ti lè gbá yín. Lẹ́yìn náà, ẹ pe àwọn Eaux et Forêts, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ igbó àti ẹranko.

Mo mọ̀ pé àwọ̀n lówó lórí, inú ń bí àwọn ẹ̀gbọ́n wa apẹja tí mo bá sọ báyìí, wọ́n sì láre. Àmọ́ òfin 2021-04 ti ọjọ́ 8 oṣù keje 2021 ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹni tó bá ta ẹran irú ẹ̀, ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀. Láti 2013 náà ni wọ́n ti fòfin de títà á láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ẹran tútù tàbí ti gbígbẹ, tàbí epo ẹ̀.

Mo ń sin ẹpiya. Ṣé mo lè da èyí tó ṣẹ́ kù sínú ọ̀sà kó lè pọ̀?

Ẹ má dán an wò. Ẹpiya tẹ́ ẹ ń sìn, ti odò Náílì ni, ẹpiya ọ̀sà tiwa sì yàtọ̀, àgbọ̀n ẹ̀ dúdú, Sarotherodon melanotheron lorúkọ ìwé ẹ̀. Tiwa yìí mọ iyọ̀ ọ̀sà, ó mọ omi tí ò níyọ̀, akọ ẹ̀ ló máa ń gbé ẹyin sẹ́nu títí wọ́n á fi pa, tẹ́ ẹ bá mú akọ kan tẹ́ ẹ rí i tó di ẹnu pinpin, ẹ ṣí i wò. Àjèjì tó bá wọlé lè jìjà oúnjẹ àti ibi ìsinmi pẹ̀lú ẹ̀, ó lè gbé àrùn wá pẹ̀lú.

Ẹpiya ọ̀sà tiwa yìí kan náà ló dé Táílándì, ó ti di ìyọnu lọ́hùn-ún débi pé ní 2024 ìjọba wọn ń rà á lọ́wọ́ àwọn ará ìlú kí wọ́n lè dín in kù. Ọmọ rere nílé, jàgùdà lóko. Torí náà ẹja tó bá ṣẹ́ kù lódò ìsìn, ẹ tà á tàbí ẹ dín in jẹ.

Àwa tó wà ní Kétu àti Ṣábẹ̀ ò ní ọ̀sà. Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ó kàn yín ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Wẹ̀mẹ̀ kọjá lẹ́bàá Ṣábẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, Ọ̀kpárà náà ń já sínú ẹ̀. Ajílẹ̀ tó bá ṣàn kúrò nínú oko òwú lókè, ọ̀dọ̀ wa ló máa ń parí sí, jasẹ́ǹtì á jẹ ẹ́. Ẹ fi igi etí odò sílẹ̀, ẹ má ro oko kan omi.

Ẹ̀yin náà sì ní àlejò tiyín lórí ilẹ̀. Ewé Akíntọ́lá tó bo oko tẹ́ ẹ pa tì yẹn, Amẹ́ríkà lòun náà ti wá. Kì í jẹ́ kí igi ìbílẹ̀ hù padà, tó bá sì gbẹ nígbà ọyẹ́, iná á rí i jẹ. Ẹ fà á tigbòngbò-tigbòngbò kó tó tanná, torí òdòdó ẹ̀ tó bá gbẹ, atẹ́gùn ló ń gbé èso ẹ̀ lọ.

Akájà ńkọ́, ṣé ó dáa àbí kò dáa?

Èyí ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ẹni tó bá gbin ẹ̀ka igi sínú ẹrẹ̀ ọ̀sà, ìyẹn akájà, ẹja á wá sá síbẹ̀, wọ́n á jẹ èéhù tó bo igi, wọ́n á bímọ. Ní ti ìyẹn, àwọn bàbá wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wàhálà ẹ̀ ni pé igi yẹn ń jẹrà, ẹ gbọ́dọ̀ máa fi òmíràn rọ́pò, igbó etí omi àti mangurófù, igi tó ń hù nínú omi oníyọ̀, lẹ sì ń gé fún un. Ẹrẹ̀ náà ń kó jọ sídìí ẹ̀, ọ̀sà ń kún. Jasẹ́ǹtì tó bá ń léfòó kọjá, á há síbẹ̀. Tó bá sì ti pọ̀, ẹni tó lówó ló ni omi, apẹja tí ò lówó ò ní rí ibi ju àwọ̀n sí mọ́.

Lójú tèmi, akájà ńlá ti kọjá ohun tí ọ̀sà lè gbé. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ tú u gbọ́dọ̀ sọ ohun táwọn onílé ẹ̀ máa jẹ lọ́jọ́ kejì, òfin ìpẹja 2014-19 nìkan ò lè bọ́ ọmọ. Ti mèdokpokonou, àwọ̀n tí ojú ẹ̀ há tó ń kó ọmọ ẹja, mi ò ní àwíjàre kankan fún un.

Ṣé ìṣẹ̀ṣe lè dáàbò bo ohun tó kù, àbí ìjọba nìkan ló lè ṣe é?

Ìṣẹ̀ṣe ti ń ṣe é kí ìjọba tó dé. Ibi tó jẹ́ igbó orò, kò sí ẹni tó ń gé igi níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni igi ńlá ṣẹ́ kù sí ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá 2012 ni àwọn mínísítà buwọ́ lu ìwé tó fún àwọn igbó àìwọ̀ ní ipò lábẹ́ òfin. Ní Bouche du Roy, lápá Grand-Popo, Zangbéto, eégún aṣọ́de àwọn Ègùn, ni wọ́n fi dáàbò bo mangurófù, ẹni tí ò bẹ̀rù àwọn aṣọ́gbó ìjọba á bẹ̀rù Zangbéto.

Ibi tó ti ṣòro ni pé ọmọ tó lọ ilé ìwé, tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, èèwọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà á mọ́, àwọn ẹbí tó ni ilẹ̀ náà ń tà á. Igbó tí kò bá níwèé, tí kò ní ààlà tí gbogbo ará àdúgbò mọ̀, mítà mítà ni wọ́n á fi máa gé e tà.

Tí jasẹ́ǹtì bá tán pátápátá, ṣé ẹja tó ń sá sábẹ́ ẹ̀ ò ní jìyà?

Ìbéèrè gidi nìyí, àwọn ìyá tó ń ta àrọ̀ ló sábà máa ń bi mí. Òótọ́ ni pé ọmọ ẹja àti edé ń fara pamọ́ sí etí ẹ̀, àwọn ẹyẹ náà ń dúró lórí ẹ̀ ṣọdẹ. Bó bá jẹ́ etí rẹ́rẹ́ kékeré, kò burú. Àárín èyí tó bo omi tán ni atẹ́gùn ò sí, àrọ̀ nìkan ló lè fara dà á díẹ̀, torí pé ó lè gòkè wá gba atẹ́gùn lójú omi, àwọn tó kù á sá tàbí kí wọ́n kú.

Ohun tó yẹ ká ṣọ́ ni èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Tí ojú omi bá ṣí lójijì, tí ìdọ̀tí sì ṣì wà nínú ẹ̀, koríko mìíràn á gba àyè, òjúoró lè jẹ́ àkọ́kọ́. Torí náà níbi tẹ́ ẹ bá ti fà á, ẹ fà á ní ìdì-ìdì, kẹ́ ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ létí níbi tí àpá kòkòrò bá pọ̀ lára ewé kí wọ́n lè rí ilé gbé, kẹ́ ẹ sì gbin mangurófù sí etí omi níbi tí iyọ̀ ń dé. Gbòǹgbò mangurófù á wá di ibi ìsápamọ́ tí ẹja ń wá, òun kì í sì í bá omi lọ.